Ajá mi ń hanrun nínú yàrá lóru, mi ò rí oorun sùn mọ́. Kí lẹ ṣe sí tiyín?

Ìyá_Tanímọ̀la – ọjọ́ kìíní, 1:52 òru

Ẹ kú òru o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú pé irú àsìkò yìí ni mò ń kọ̀wé. Ajá ni ò jẹ́ kí n sùn.

Pug ni, irú ajá kékeré tójú rẹ̀ kúrú yẹn, abo ni, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń sùn nínú yàrá wa, lórí tìmùtìmù rẹ̀ níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti máa ń hanrun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni, kò dí wa lọ́wọ́. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ni ariwo yẹn ti yí padà. Á fà á wọlé gbùrùrù, á dákẹ́ díẹ̀, á wá tú u jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí èèyàn fa aṣọ ya. Láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́rin, mo lè jí lẹ́ẹ̀mẹfà.

Ọkọ mi fara dà á títí, ó ti gbé ìrọ̀rí rẹ̀ lọ sí pálọ̀ báyìí. Kò bá mi jà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ò dùn. Èmi náà, ọkọ̀ ni mò ń wà lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo tòògbé nídìí ọkọ̀ níbi tí iná ojú títì ti dá wa dúró, fèrè ẹni tó wà lẹ́yìn mi ló jí mi. Àyà mi já gidigidi.

Mo ti fi òwú dí etí. Mo ti ń fi ẹsẹ̀ tì í kó yí ẹ̀gbẹ́ padà, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta fún alẹ́ méjì, ó fi èékánná ha ilẹ̀kùn, ó sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọkàn mi ò gbà á mọ́.

Ẹni tó bá ti rí irú èyí rí, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe? Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé kí n gbé e fún ẹlòmíì. Mi ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Afẹ́fẹ́_Lẹ́lẹ́ – ọjọ́ kìíní, 5:30 àárọ̀

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ní tèmi, fáànù ló gbà mí. Ariwo tó ń lọ déédéé kì í sábà jí èèyàn. Èyí tó ń ga tó ń wálẹ̀ lójijì ló ń jí wa. Tí fáànù bá ń fẹ́ wùù láti alẹ́ dé àárọ̀, ó máa ń bo híhanrun náà mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé e sáàárín ẹ̀yin àti ajá.

Òwú ò lè ṣe nǹkan kan. Ẹ wá rọ́bà rírọ̀ bíi fóòmù tí wọ́n ń kì bọ etí. Ẹ kọ́kọ́ fi ìka yí i títí á fi tínrín, kí ẹ wá fi ọwọ́ kejì fa etí sókè, kí ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì fi ìka dì í mú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kó lè wú nínú ihò etí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní kò ṣiṣẹ́ fún àwọn, ẹnu etí ni wọ́n fi í sí lásán.

Àkàndé_Alájá – ọjọ́ kìíní, 8:04 àárọ̀

Ọmọ mi, mo kí ẹ kú ìnira. Mo ti ń sin ajá kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú yín níbí. Èrò tèmi ni pé yàrá èèyàn kì í ṣe ibùsùn ajá. Mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi, kò sí ọ̀kan tó wọ yàrá mi rí, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Ìwọ fúnra rẹ sọ pé o tòògbé nídìí ọkọ̀. Ẹ̀mí rẹ ṣáájú tìmùtìmù ajá. Gbé e síta, má wo ẹkún rẹ̀.

Ìyá_Tanímọ̀la – ọjọ́ kìíní, 8:40 àárọ̀

Ẹ ṣeun, Afẹ́fẹ́_Lẹ́lẹ́, màá wá rọ́bà yẹn lónìí. Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yín, òótọ́ sì ni nípa ọkọ̀. Àmọ́ ajá tó ti sùn ní ẹsẹ̀ mi fún ọdún mẹ́fà kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi tì mọ́ ọn lóru kan.

Nọ́ọ̀sì_Ẹran – ọjọ́ kìíní, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi bá àwọn dókítà ẹranko ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká fi fáànù àti ilẹ̀kùn sílẹ̀ ná. Ohun tó mú mi dúró nínú ọ̀rọ̀ ìyá wa ni "oṣù mẹ́rin sẹ́yìn" àti "á dákẹ́ díẹ̀". Híhanrun tó ń le sí i, tí ìdákẹ́ sì ń wà láàárín rẹ̀, èémí ajá ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bí Pug ṣe rí nìyí. Wọ́n ti fi ìran dé ìran yan èyí tójú rẹ̀ kúrú sin títí egungun ojú fi súnkì, ṣùgbọ́n ẹran inú ẹnu àti inú imú kò súnkì tó egungun. Ẹran rírọ̀ tó wà lẹ́yìn àjà ẹnu gùn ju àyè rẹ̀ lọ, ó ń so kọ́ dí ọ̀nà ọ̀fun. Ihò imú náà sábà máa ń há. Tí ajá bá wà lójúfò, iṣan ọ̀fun ń la ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Tó bá sùn, iṣan yẹn á dẹ̀, ọ̀nà á há, afẹ́fẹ́ tó ń fi agbára wọlé á sì máa gbọn ẹran yẹn. Gbígbọ̀n yẹn lẹ̀ ń gbọ́. Ọ̀rá tó bá yí ọrùn ká tún ń fún un pọ̀ sí i. Bulldog, French Bulldog, Boston Terrier, Pekingese, Shih Tzu, ọ̀rọ̀ kan náà ni.

Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan díẹ̀. Ṣé ihò imú rẹ̀ ṣí gbayawu, àbí ó rí bí ìlà tí wọ́n fi ọ̀bẹ fà? Tí ẹ bá fi àtẹ́lẹwọ́ ra ìhà rẹ̀, ṣé ẹ ń kan egungun láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀? Ṣé ó máa ń pọ itọ́ funfun tó ń hó? Ṣé ó máa ń jókòó sùn, tàbí kó gbé àgbọ̀n lé nǹkan kó tó sùn? Lóru òní, tó bá ti sùn wọra, ẹ ka èémí rẹ̀. Kí àyà gbéra kó sì wálẹ̀, ọ̀kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ajá tí ara rẹ̀ dá, tó ń sùn, kì í sábà ju 30 lọ. Ẹ sì wò ó bóyá ìgbà kan wà tí àyà ń mì tí afẹ́fẹ́ ò jáde.

Tí ẹ bá rí i lójúfò tí èrìgì tàbí ahọ́n rẹ̀ di àwọ̀ aró tàbí tó funfun, tàbí tó dákú, ẹ má padà wá síbí wá bèèrè ohunkóhun. Ọ̀dọ̀ dókítà ni lójú ẹsẹ̀.

Adùn_Ilé – ọjọ́ kìíní, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ìyá, èmi máa ń fi òróró olóòórùn líle tí a fi ń pa àyà nígbà òtútù kan ajá mi lórí imú díẹ̀. Oògùn tí èèyàn ń lò tí imú bá dí náà tún wà. Bóyá kí ẹ gbìyànjú ìdajì rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Ẹran – ọjọ́ kìíní, 4:31 ìrọ̀lẹ́

Rárá o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni má ṣe é.

Mo mọ̀ pé inúure lẹ fi sọ ọ́, Adùn_Ilé. Ṣùgbọ́n pseudoephedrine, tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn imú dídí, májèlé ni fún ajá: á jẹ́ kí ọkàn rẹ̀ máa sáré, á jẹ́ kó máa gbọ̀n, ó lè pa á, kì í sì í gbà ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ fún ajá kékeré. Àwọn òróró olóòórùn líle yẹn náà ń ta imú ajá, yóò lá a, á sì wọ inú rẹ̀. Ẹ má sì fún un ní oògùn oorun láé kó lè "sùn dáadáa". Oògùn oorun tún ń dẹ iṣan ọ̀fun ni, ọ̀nà tó ti há yóò wá pa dé.

Adùn_Ilé – ọjọ́ kìíní, 4:50 ìrọ̀lẹ́

Háà. Mi ò mọ̀. Ẹ ṣeun, mo ti nu tajá mi kúrò báyìí-báyìí.

Ìyá_Tanímọ̀la – ọjọ́ kejì, 3:20 òru

Mo ti kà á. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń kọ èyí.

Àwọn ìbéèrè ọ̀sán ná: ihò imú rẹ̀ kò ṣí, ìlà ni, ó tẹ̀ bí àmì ìdánudúró díẹ̀ tí a ń fi sínú ìwé. Mo wá egungun ìhà títí kí n tó kàn án. Itọ́ tó ń hó, bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń pọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, mo rò pé ó ń jẹun kánjúkánjú ni.

Nígbà tó di aago méjì àbọ̀, mo tan iná fóònù, mo fi ìka bò ó kó má bàa mọ́lẹ̀ jù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Bọ́ọ̀lù rọ́bà kan wà tó fẹ́ràn. Ẹnu ló máa ń gbé e sí sùn. Ilé wa ni a ti ń pe bọ́ọ̀lù yẹn ní ọmọ Tanímọ̀la, fọ́tò rẹ̀ pọ̀ lórí fóònù mi, gbogbo ẹbí ló ti rí i tí wọ́n ní ó dùn ún wò. Nígbà tí mo débẹ̀, bọ́ọ̀lù wà láàárín eyín rẹ̀, èémí rẹ̀ ń lọ, mo ka 24. Bó ṣe yí orí báyìí, bọ́ọ̀lù bọ́ sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Híhanrun bẹ̀rẹ̀, ó le sí i, ó le sí i, ó wá dákẹ́. Mo fi ọwọ́ sí iwájú imú rẹ̀: kò sí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kejì tí mo fi lé ìhà rẹ̀ ń gbọ́ bí àyà ṣe ń fà, tó ń fà. Mo ka ọ̀kan títí dé mẹ́jọ. Ó wá gbà á padà pẹ̀lú ariwo aṣọ yíya yẹn, ó gbé orí, ó fi imú táràrà kiri ilẹ̀ títí ó fi kan bọ́ọ̀lù, ó gbé e sẹ́nu, ó sùn padà. Kò tilẹ̀ la ojú.

Ọdún mélòó ló ti ń ṣe èyí? Ọmọ kọ́ ni bọ́ọ̀lù yẹn. Ohun tó fi ń la ẹnu sílẹ̀ kó lè mí ni.

Nọ́ọ̀sì_Ẹran – ọjọ́ kejì, 6:45 àárọ̀

Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Ẹ má bá ara yín jà, ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń gbé irú ajá bẹ́ẹ̀ wá tí wọ́n ń fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Ajá máa ń wá ọgbọ́n ara rẹ̀: nǹkan lẹ́nu, àgbọ̀n lórí etí àga, tàbí kó jókòó sùn. Ẹ ti rí ohun tí dókítà nílò láti gbọ́.

Ẹ ya fídíò lóru òní, kí ohùn rẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí lójú dókítà, ajá á wà lójúfò, kò ní hanrun. Ẹ gbé e lọ lọ́sẹ̀ yìí. Kó tó dìgbà náà, ẹ fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún un bó bá ti tóbi tó tí kò lè bọ́ sí ọ̀fun. Ẹ wá tìmùtìmù tí etí rẹ̀ ga kó lè gbé àgbọ̀n lé e. Ẹ jẹ́ kí yàrá tutù, nítorí mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń tu ara rẹ̀ lára, èyí tí ọ̀nà èémí rẹ̀ há kò sì lè ṣe é dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí rẹ̀, ẹ má fín lọ́fínńdà nínú yàrá yẹn. Ẹ bọ́ ìgbànú ọrùn, ẹ fi èyí tó ń gba àyà kọjá rọ́pò rẹ̀.

Bàbá_Bulldog – ọjọ́ kejì, 9:10 àárọ̀

Mo ti ń kà á láti àná, mi ò mọ̀ bóyá kí n sọ̀rọ̀. Màá sọ ọ́.

Mo ti ní Bulldog kan rí, akọ, ó lágbára, ó sì jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Ó ń hanrun tí àwọn tó wà ní yàrá kejì fi ń gbọ́. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn. Ohun tó ń sọ fún mi ni pé ó wà níbẹ̀, pé ara rẹ̀ balẹ̀. Lọ́sàn-án ó máa ń sùn níbikíbi tó bá dúró sí, a sì ní ọ̀lẹ ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé ajá tí kò rí oorun gidi sùn lóru ló ń tòògbé lọ́sàn-án. Ó pé ọdún márùn-ún, ooru mú lọ́jọ́ kan, kò tiẹ̀ sáré, ìrìn díẹ̀ ni a rìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí mí hẹlẹhẹlẹ, kò dá mọ́. Kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo wá lọ kàwé. Láti 1987 ni àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania ti kọ ọ́ sílẹ̀ nípa Bulldog: tó bá sùn, ọ̀nà èémí rẹ̀ ń dí, oxygen inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, oorun sì ń kùn ún ju bó ti yẹ lọ lọ́sàn-án. Àwọn èèyàn tí èémí wọn ń dúró lóru ni wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́, Bulldog ni wọ́n sì lọ wò, nítorí àrùn kan náà ló wà lára rẹ̀ láti ìbí.

Èyí tí mo ní báyìí, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un nígbà tó pé ọdún méjì. Wọ́n la ihò imú rẹ̀, wọ́n gé lára ẹran tó gùn lẹ́yìn àjà ẹnu. Dókítà sọ fún mi pé ìdí tí kò fi yẹ kí a fi falẹ̀ ni pé bí ajá ṣe ń fi agbára fa èémí lójoojúmọ́, ó ń fa àwọn ẹran inú ọ̀fun wọ inú, títí ẹnu ọ̀nà ọ̀fun á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Tó bá ti dé bẹ̀, iṣẹ́ abẹ kékeré ò ní tó mọ́.

Àǹtí, ẹ má dúró.

Àkàndé_Alájá – ọjọ́ kejì, 10:02 àárọ̀

Mo ka ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ajá tó ń wá èémí lóru, kò yẹ kí wọ́n gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ. O kú oríire pé inú yàrá rẹ ló wà.

Ẹni_Òwúrọ̀ – ọjọ́ kejì, 12:37 ọ̀sán

Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, tèmi ò ní imú kúkúrú. Labrador ni, ó ti pé ọdún méjìlá, kò hanrun rí láyé rẹ̀. Láti bí oṣù méjì ló ti bẹ̀rẹ̀, ó tiẹ̀ ń ṣe ariwo nígbà tó bá ń rìn pàápàá, gbígbó rẹ̀ sì ti yí padà, ó ń há. Ṣé ọjọ́ ogbó ni?

Nọ́ọ̀sì_Ẹran – ọjọ́ kejì, 1:05 ọ̀sán

Ẹ má pè é ní ọjọ́ ogbó kí ẹ fi sílẹ̀. Ariwo lójúfò, pàápàá nígbà tó bá ń fa èémí wọlé, àti ohùn tó yí padà, nínú Labrador àgbà, ohun àkọ́kọ́ tí dókítà máa wò ni bóyá ẹnu ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ṣì ń ṣí. Iṣan tó ń ṣí i lè rọ. Ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ náà, bóyá ó ti ń wọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ooru mú un rárá kí ẹ tó lọ.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ajá onímú gígùn: híhanrun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ìdí. Bí ikun tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní ihò imú kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ pòròpórò koríko ló há síbẹ̀, tàbí gbòǹgbò eyín tó ti kẹ̀, tàbí kókó. Thyroid, ẹ̀yà ara kékeré kan ní ọrùn, tí kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa náà ń mú ajá sanra tó sì ń mú un lọ́ra. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń yẹ̀ wò fún ìyẹn.

Olùkọ́_Àgbà – ọjọ́ kẹta, 7:48 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa oorun ìyá náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ìtọ́jú ajá lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ọkọ̀ sì wà níwájú wọn láràárọ̀. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí 40 àgbàlagbà tí ara wọn le tí ajá sì ń sùn nínú yàrá wọn. Èèyàn àti ajá ló jọ so ẹ̀rọ tó ń ka mímira mọ́ra fún alẹ́ 7. Àwọn èèyàn náà fi bí 81 nínú 100 àkókò tí wọ́n fi dùbúlẹ̀ sùn ní tòótọ́, èyí tí kò burú. Àwọn tí ajá wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni oorun tiwọn dín kù sí i. Kì í ṣe yàrá ni ìṣòro, ìsúnmọ́ra ni. Tó bá ṣeé ṣe, ẹ gbé tìmùtìmù rẹ̀ jìnnà sí orí yín díẹ̀.

Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín sì pín òru. Alẹ́ kan, ẹ̀yin ló máa ṣọ́ ọ. Alẹ́ kejì, òun. Ẹni tí kò sí lójú iṣẹ́ kó lọ sùn ní pálọ̀, kó sùn tó. Àárọ̀ tí ẹ bá ti ṣọ́ ọ mọ́jú, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì wa ọkọ̀.

Àkàndé_Alájá – ọjọ́ kẹta, 8:30 àárọ̀

Olùkọ́ sọ òótọ́. Bí o bá sì fẹ́ gbé tìmùtìmù náà, má gbé e lẹ́ẹ̀kan. Ìṣísẹ̀ kan ní alẹ́ méjì sí mẹ́ta, kó máa lọ síhà ilẹ̀kùn díẹ̀díẹ̀. Wá aṣọ tí o ti wọ̀ sára fún un láti sùn lé. Ajá ò mọ jíjìnnà tí imú rẹ̀ bá ṣì ń gbóòórùn rẹ. Èyí ni ò bá ti ṣe ní alẹ́ méjì tó fi ha ilẹ̀kùn.

Ìyá_Tanímọ̀la – ọjọ́ kẹfà, 7:15 alẹ́

A ti lọ o. Ọkọ mi ló gbé e wọlé fúnra rẹ̀.

Dókítà wo fídíò náà dé òpin, kò sọ̀rọ̀. Ó fi ohun èlò tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà gbọ́ ọ̀fun rẹ̀, ó ní kí a mú un sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó tún gbọ́ ọ. Lẹ́yìn ìsáré yẹn, a gbọ́ ariwo náà láìlo ohun èlò kankan. Ihò imú ti há jù. Àjà ẹnu, ó ní òun máa wò ó nígbà tó bá ti sùn fún iṣẹ́ abẹ, kí òun lè ṣe gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó má jẹ́ pé a ń fún un ní oògùn amúnisùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, thyroid ń ṣiṣẹ́.

Òṣùwọ̀n ló dójú tì mí. Kílò 10.6, nígbà tó yẹ kó wà ní bíi 8. Nígbà tí a délé tí a jókòó sọ ọ́, ó hàn pé èmi ń fún un lóúnjẹ láàárọ̀, ọkọ mi ń fún un tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọmọ wa sì ń fún un ní tirẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹnì kejì ti fún un. Ní báyìí, òṣùwọ̀n la fi ń wọn oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ láàárọ̀, inú ike kan la ń dà á sí. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún un, inú ike yẹn ló ti máa mú un. Tí ike bá ti ṣófo, ó parí.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i ni iṣẹ́ abẹ. Ẹ bá mi gbàdúrà.

Bàbá_Bulldog – ọjọ́ kẹfà, 7:40 alẹ́

Mo wà pẹ̀lú yín. Ẹ béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kó sun ọ̀dọ̀ wọn mọ́jú lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn wákàtí àkọ́kọ́ tó bá jí ló léwu jù, nítorí ọ̀fun máa ń wú.

Ìyá_Tanímọ̀la – ọ̀sẹ̀ kọkànlá, 9:05 alẹ́

Ẹ̀yin ará mi, mo ní kí n má gbàgbé yín.

Wọ́n ti ṣe é. Ó ti wálẹ̀ sí kílò 9.7 kó tó dọjọ́ náà. Wọ́n la ihò imú, wọ́n gé àjà ẹnu, wọ́n sì yọ ẹran kékeré méjì tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọlé lẹ́nu ọ̀nà ọ̀fun. Ó sùn ọ̀dọ̀ wọn mọ́jú bí Bàbá_Bulldog ṣe sọ. Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ariwo náà ṣì wà, mo sunkún, mo rò pé asán ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì_Ẹran dáhùn àtẹ̀jíṣẹ́ mi lóru, ó ní wíwú ni, kí n dúró. Oúnjẹ rírọ̀ ló ń jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, a ò jẹ́ kó sáré.

Ó ṣì ń hanrun. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé iṣẹ́ abẹ ń sọ Pug di ajá míì. Ṣùgbọ́n jẹ́jẹ́ ni, ó ń lọ ó ń bọ̀, kò dúró. Mo ti ka alẹ́ mẹ́rìnlá, kò sí ibi tí àyà ti fà tí afẹ́fẹ́ ò jáde. Kò pọ itọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Ọkọ mi ti gbé ìrọ̀rí rẹ̀ padà. Fáànù ṣì wà láàárín wa, tìmùtìmù ti dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn bí Bàbá Àkàndé ṣe kọ́ wa.

Bọ́ọ̀lù náà, ó ń fi ṣeré lọ́sàn-án. Tó bá fẹ́ sùn, ó ń fi í sílẹ̀ níbi tó bá bọ́ sí.

Ọmọ_Tuntun – ọ̀sẹ̀ kọkànlá, 9:50 alẹ́

Ẹ kú oríire mà! Mo fẹ́ gba ọmọ French Bulldog lóṣù tó ń bọ̀, gbogbo ohun tí mo kà níbí ti dá mi dúró. Kí ni kí n wò?

Bàbá_Bulldog – ọ̀sẹ̀ kọkànlá, 10:18 alẹ́

Wo ìyá àti bàbá rẹ̀, má wo ọmọ nìkan. Jẹ́ kí wọ́n mú ìyá rìn níwájú rẹ fún ìgbà díẹ̀, kí o gbọ́ èémí rẹ̀. Wo ihò imú, kó ṣí. Béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò èémí fún àwọn òbí. Kennel Club, ẹgbẹ́ àwọn olùsin ajá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Yunifásítì Cambridge gbé ọ̀kan kalẹ̀ ní 2019 fún Pug, Bulldog àti French Bulldog tó ti pé ọdún kan: wọ́n ń gbọ́ ọ̀fun, wọ́n ń mú ajá sáré fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, wọ́n tún ń gbọ́ ọ, wọ́n á wá fún un ní 0 sí 3. 0 ló dára jù. Èyí tó bá gba 3, wọn kì í fẹ́ kó bímọ. Ní Netherlands, láti 2019 ni wọ́n ti ń lo òfin tí kò jẹ́ kí a fi ajá tí imú rẹ̀ kúrú kọjá ààlà bímọ mọ́. Tí ẹni tó fẹ́ ta ajá fún ọ bá ní "bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn" nípa ariwo ìyá rẹ̀, dìde, máa lọ.

Ẹni_Òwúrọ̀ – ọ̀sẹ̀ kọkànlá, 10:33 alẹ́

Ìyá Tanímọ̀la, inú mi dùn fún yín. Ọ̀rọ̀ ọ̀fun náà ni ti Labrador mi, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa so kó lè ṣí, lọ́jọ́ Ẹtì ni. Mo ti ń fi tìmùtìmù gbé orí rẹ̀ sókè. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni etí tiyín ṣe ga tó? Mo ń bẹ̀rù kí tèmi má ga jù.

Ìyá_Tanímọ̀la – ọ̀sẹ̀ kọkànlá, 10:41 alẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ ká gbọ́ ire lọ́jọ́ Ẹtì. Ti Tanímọ̀la ga ní ìbú ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kékeré ni òun, tiyín lè gba díẹ̀ sí i. Ọrùn rẹ̀ ni kí ẹ wò. Tó bá nà tààrà láti èjìká dé àgbọ̀n, ó dára. Tí àgbọ̀n bá tẹ̀ sí àyà, ó ti ga jù, ẹ yọ díẹ̀ lára òwú inú rẹ̀.